Mo lo ọdún 34 nínú iṣẹ́ sójà, ìlú wá ní kí n ṣe olórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ sójà. Mo bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé Liberia, mo dé Sierra Leone, mo sì pẹ́ ní Borno kí n tó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ipò Warrant Officer. Mo ti padà sí ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Àwọn àgbà fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, wọ́n ní sójà kì í gba ìgbàkugbà. Ọjọ́ ọjà ni mo mú fún ìpàdé àkọ́kọ́, nítorí mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn á wà nílùú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dá. Nígbà tó lù, ènìyàn mẹ́fà péré ló wà nínú gbọ̀ngàn. Mo ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó dé lẹ́yìn náà kan ilẹ̀kùn, mi ò ṣí i. Mo ti pe ìpàdé méjì lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti wá ní kí n fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, kí n lọ gba fọ́ọ̀mù alága kánsù, pé ibẹ̀ ni agbára wà. Ìyàwó mi ní ohùn bárékè ni mo ṣì fi ń bá òun sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ogun. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kí yín lọ́jọ́ tí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ fún ọdún 34 tó sì padà dé láàyè, ìkíni ẹ̀ẹ̀kan ò tó o. Ọlọ́run tó mú yín bọ̀ á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú àti ìgbèríko ni mo sì pẹ́ sí jù. Èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín, láti bá wọn jókòó, láti wo ìwé owó wọn, láti bá wọn parí ìjà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ sójà tó fẹ̀yìn tì ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ló ṣe olórí tó dára jù tí ojú mi rí. Àwọn mìíràn wà tí ìlú wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́ títí dòní. Gbogbo wọn ló nífẹ̀ẹ́ ìlú, gbogbo wọn ló sì lágbára láti ṣiṣẹ́. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má gba fọ́ọ̀mù kánsù lọ́dún yìí. Ilẹ̀kùn tí ẹ tì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi mú ọjọ́ ọjà. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí ni kí á ti pè wọ́n, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wà nílùú yàtọ̀ sí kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọjà orún wa. Aago mẹ́rin ni àwọn alájàpá tó fi ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn àti Ìlọrin máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ọjà gan-an, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó gbé ọjà wá láti oko kò fẹ́ rù ú padà. Obìnrin tó gbé àpò èlùbọ́ mẹ́ta wá, tó ti ta méjì, tó bá dìde nídìí ẹ̀kẹta ní aago mẹ́rin, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ sórí ilẹ̀ yẹn. Ó dúró tà á. Ó ká àpò, ó da omi sẹ́sẹ̀, ó so gèlè, ó wá sí gbọ̀ngàn ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Lójú tirẹ̀, eré ló sá wá. Ẹ fojú inú wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun èlùbọ́ ṣì wà lára rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, tó ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé, tí ẹ ò dá a lóhùn.

Ó ti gbà pé ìpàdé yín kì í ṣe ti irú òun. Ó sọ fún ìyálé rẹ̀. Ìyálé sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń fọ ẹ̀gẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agboolé ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi wá sí ìpàdé kejì àti ẹ̀kẹta. Ìlú ò bínú sí yín púpọ̀ o, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá bínú gan-an, wọn ì bá ti rán ẹnìkan sí yín. Wọ́n kàn yọwọ́ ni. Ìyẹn le ju ìbínú lọ, torí ẹni tó yọwọ́ kò sí níwájú yín tí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́.

Ní bárékè, wọ́n á pàṣẹ, ènìyàn á ṣe é, bóyá lọ́jọ́ kan á wá mọ ìdí rẹ̀. Àṣẹ ń lọ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ẹni tí ẹ pàṣẹ fún ti búra, ìjọba ń san owó oṣù rẹ̀, ìjọba ló fún un ní ibi tó ń sùn, yàrá àtìmọ́lé sì wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ẹ yẹ ìlú yín wò bóyá ẹ máa rí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sẹ́ni tó búra fún yín. Àwọn ló ń dá owó tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ilé wọn ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá sì kọ̀, kò sí ohun tí ẹ lè fi í ṣe. Nílùú, ènìyàn á béèrè, á lọ sùn lé e, á bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù, á tún padà wá béèrè, lẹ́yìn náà ló tó máa ṣe é. Bó bá sì ti gbà á, kò ní nílò kí ẹ dúró tì í pẹ̀lú kóńdó. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Mo ti dàgbà ní ọdún 1984 nígbà tí ìjọba ológun gbé WAI dé, ìyẹn ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Sójà dúró ní ìdíkọ̀ pẹ̀lú ẹgba, gbogbo wa tò lẹ́yìn ara wa. Inú mi dùn nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Mo rò pé a ti kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ìjọba yẹn lọ, ìlà tí a ń tò náà kò pẹ́ lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó bi wá tẹ́lẹ̀ bóyá a fẹ́ máa tò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ka ìlà náà sí tirẹ̀. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ mi pé kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ awakọ̀ àti àwọn ìyá ọjà láyè láti fúnra wọn ṣe òfin ìlà yẹn.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ohùn ogun àti ohùn ìlú ò ṣeé fi sínú ilé kan náà láìtọ́jú. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í gbé ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú Aláàfin. Àfọ̀njá wà ní Ìlọrin, Kúrunmí wà ní Ìjàyè, Látòósà wà ní Ìbàdàn. Ìbàdàn yìí gan-an, ibùdó ogun ni, jagunjagun ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kò sọ pé kí jagunjagun má ṣe olórí o. Àkàbà ni wọ́n ṣe fún un. Títí dòní, ìlà méjì ló ń lọ sí orí oyè Olúbàdàn, ọ̀kan ní ìlà Olúbàdàn, ìkejì ní ìlà Balógun. Oyè Jagun wà ní ìsàlẹ̀, ipele tó lé ní ogún ni olóyè sì máa gùn kí ó tó kan ìtẹ́. Ẹlòmíràn ń lo ọgbọ̀n ọdún lórí rẹ̀. Kí ni ó ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn? Ó ń jókòó. Ó ń gbọ́ ẹjọ́ ààlà ilẹ̀, ó ń parí ìjà orogún, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì dá a nù, kó tún padà wá lọ́jọ́ kejì kó jókòó sí àyè rẹ̀. Bí ó bá fi máa débẹ̀, ogun ti jáde lára rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní ọgbọ̀n ọdún, mo mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi fò láti Jagun dé orí àga, ìlú sì rí i.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi yàn yín? Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má fiyè sí i: wọ́n ní sójà kì í gba ìgbàkugbà. Ẹ̀yin gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ọ̀gá tó máa jágbe. Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà ìlú ju owó lọ. Wọ́n ti dá owó tírańsífọ́mà, kò dé. Wọ́n ti dá owó kànga, wọ́n gbẹ́ ẹ dé ààbọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa tọ́jú owó bí sójà ṣe ń tọ́jú ìbọn. Ẹ̀yin mọ ohun tí mo ń sọ. Ní sítọ́ọ̀ kọ́tàmásítà, kò sí bàtà kan, kò sí kúbùsù kan, kò sí ọta kan tó máa jáde láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i, bí ọ̀kan bá sì dín, ẹnikẹ́ni ò ní sùn. Ìwà yẹn ni ìlú ń bẹ̀ yín fún. Ẹ fi ohùn páréèdì sílẹ̀ ní bárékè, ẹ gbé ìwé sítọ́ọ̀ wá sílé.

Kí n sọ ti ọ̀gbẹ́ni kan fún yín. Kọ́tàmásítà ni nínú iṣẹ́ ológun, ìlú rẹ̀ kéré sí tiyín. Wọ́n fẹ́ ra tírańsífọ́mà, wọ́n sì fi í ṣe alága. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo retí ọ̀gá tó ń pariwo. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni mo bá. Ó ti ní kí káfíńtà kan pákó dúdú ńlá kan mọ́ ara ògiri ọjà, lábẹ́ òrùlé páànù kí òjò má baà pa á. Ìlà mẹ́ta ló fà sí i: orúkọ, iye tó wọlé, iye tó jáde. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ iye tó kù sí. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ní òwúrọ̀ kí ọjà tó gbóná, ó máa dúró níbẹ̀ pẹ̀lú akápò àti ìyálọ́jà, á ka gbogbo rẹ̀ sókè. Bó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí iṣẹ́ náà, ó máa kọ owó ọkọ̀ síbẹ̀, títí dé owó omi tó mu.

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan wá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àádọ́ta náírà ni ìyá náà dá, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ náà fi ìka òun lé orí orúkọ òun. Ọmọ náà gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà sókè, ó fi ìka rẹ̀ lé ìlà kan níbi tó ga díẹ̀, ìyá náà sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìka rẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ogún náírà sí i. Sójà yẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Mo ti rí alága tó kọ́ ilé alájà, mi ò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó ìyẹn. Tírańsífọ́mà náà dé láàárín ọdún kan àbọ̀.

Ìlú kejì wà tí alága tiwọn jẹ́ ọ̀gá ológun tó ga ju kọ́tàmásítà yẹn lọ. Oṣù mẹ́rin ni òun fi gbé tírańsífọ́mà wá, torí ó mọ àwọn ènìyàn ní Àbújá. Ìlú jó, ìlú yọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó bá jáde ní ọjọ́ ìmọ́tótó, ó ń ní kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láàárín títì. Lọ́jọ́ kan, ó mú àgbàlagbà kan bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ti bí ọmọ tó bí ọmọ. Kò mọ̀ pé olórí ọmọ-oyè agbolé kan ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìfò náà, ọdún mẹ́fà ni ìjà tó tẹ̀lé e. Nígbà tí tírańsífọ́mà yẹn bàjẹ́, kò sí ẹni tó dá kọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Èmi ni wọ́n rán lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ti ọ̀gágun ni, kí ó wá tún un ṣe.

Àwọn tó tiẹ̀ ṣe ìjọba tó tóbi ju ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè lọ, ìwé owó náà ni a fi ń rántí wọn. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed yẹ ìwé àwọn gómìnà ológun méjìlá tó wà lábẹ́ Gowon wò, méjì péré ni wọ́n sọ pé ọwọ́ wọn mọ́: Mobọ́lájí Johnson tó ṣe gómìnà Èkó láti 1967 dé 1975, àti Olúwọlé Rótìmí ti ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, síbẹ̀ bí wọ́n bá dárúkọ àwọn méjèèjì, ohun tí àwọn àgbà máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ kánsù. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní ibẹ̀ ni agbára wà. Mo lo gbogbo ayé mi níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òfin ilẹ̀ wa ò gba ẹni tó dá dúró láti díje, ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbọ́dọ̀ fà yín kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé inú ilé ẹnìkan ni wọ́n ti ń mú orúkọ tó máa jáde kí ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú tó pé. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó bá àwọn káńsélọ̀ níbẹ̀, àwọn ló máa fọwọ́ sí ètò ìnáwó yín kí ẹ tó ná an, ẹ sì lè ti tó ọmọdé inú wọn bí. Ẹ ó bá akápò àti àwọn ọ̀gá ẹ̀ka níbẹ̀, ẹ ò sì lè lé wọn, ẹ ò lè sọ ipò wọn kalẹ̀, torí pé àjọ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Mo rí alága kan, sójà lòun náà tẹ́lẹ̀, tó ní kí dírẹ́kítọ̀ kan kúrò níwájú òun, kí ó má padà wá mọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, dírẹ́kítọ̀ náà jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Alága yẹn kò mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàìsàn.

Ní 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ìdájọ́ tó dára ni, mo dúpẹ́ fún un, àmọ́ kò yí ohun tí mo kọ sókè yìí padà. Ẹ̀rù owó ìfẹ̀yìntì yín ló ń bà mí jù. Ẹ dákun, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í ra fọ́ọ̀mù. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi gbogbo tirẹ̀ ra fọ́ọ̀mù, ra àǹkárá ẹgbẹ́, ra epo sínú ọkọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé e kiri. Wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn. Ilé tó fẹ́ kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ wà ní orí ìpìlẹ̀ títí ó fi kú.

Bó bá wá jẹ́ pé lọ́jọ́ iwájú ni ìlú fúnra rẹ̀ ní kí ẹ lọ, ìyẹn yàtọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà, màá bá yín jókòó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orúkọ ńlá ní ìta kì í ṣe ìbò nílé. Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1 oṣù Kẹwàá 1979, ó lọ dá oko sí Ọ̀tà, ayé ń yìn ín. Nígbà tó díje fún ipò ààrẹ ní 1999, Nàìjíríà gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá, Olú Fálaè ni wọ́n tẹ̀ka fún. Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, lẹ́tà ìyànsípò ló gbé e dé Èkó ní 1993 láti wá ṣe gómìnà ológun. Ìlànà ìbò ni ó gbà dé Ọ̀ṣun ní 2003, nígbà tí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ní kó sọ̀kalẹ̀ ní 2010, ó sọ̀kalẹ̀. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ọ̀gá kan ló lè pè é padà. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tó ń ta epo pupa lábẹ́ igi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rò nípa rẹ̀ jù lọ ni Mathieu Kérékou, ní orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn ará wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Ìbọn ló fi gba ìjọba ní 1972. Ní oṣù Kejì 1990, àpérò gbogbo ìlú ní Kútọnu gba agbára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìbọn orílẹ̀-èdè náà wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbà. Ní 1991, Nicéphore Soglo fi ìbò ṣẹ́gun rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ní 1996, àwọn ènìyàn tó ní kó máa lọ yẹn náà ló tún dìbò pè é padà. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tó ṣe nínú ọdún méjìdínlógún tó kọ́kọ́ lò dára o, ọ̀pọ̀ jìyà lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ sójà tó gbọ́ "rárá" tó sì gbà á, ìlú lè tún pè é. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ "rárá" lẹ́ẹ̀méjì báyìí, nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, mo fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹni tó ti ń retí yín fún ọdún 34 ló sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ló ní ìgboyà láti sọ ọ́ sí yín lójú. Bí ẹ bá lè béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tí kò ní jẹ́ kó gbọ̀n, ẹ ó lè bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, ẹ má sì bínú pé mo bi yín. Ṣé ẹ ń sùn? Ẹni tó ti Liberia dé Sierra Leone dé Borno, ohun tí ojú rẹ̀ rí kì í fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí bángà ọdún bá dún tí ọwọ́ yín ń wá ìbọn, bí ẹ bá ń jí ní aago méjì òru tí ẹ ń yẹ ilẹ̀kùn wò, bí inú bá ń bí yín lójijì ju bó ṣe yẹ lọ, ara ló ń sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ológun wà ní Yaba, ilé ìwòsàn Àró wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, iṣẹ́ wọn ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olórí tí kò sùn kò lè fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń sọ ìtàn láti ọdún ìyàn.

Ẹ má pe ìpàdé mìíràn báyìí. Ẹ wá orúkọ àwọn tó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ bi àwọn mẹ́fà tó wà nínú ilé, wọ́n á rántí ohùn wọn. Ẹ lọ sí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wọ aṣọ ológun, ẹ má gbé ọ̀pá dání, ẹ lọ ní alẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti jẹun. Bí àgbàlagbà bá ni, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá, kí àyà kan ilẹ̀. Ẹ sọ pé, "Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, kò dáa, ẹ má bínú." Ẹ má ṣàlàyé nípa àkókò. Bí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á gbọ́ ọ pé ẹ̀yin ṣì jàre. Ẹ mu omi tí wọ́n bá bù fún yín. Ẹ béèrè bí ọjà ṣe tà. Ẹlòmíràn máa pa yín lẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn máa fi wákàtí kan sọ ohun tí ẹgbẹ́ tó kọjá fi owó òun ṣe. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ mú ìwé kékeré dání, kí ẹ kọ iye tó sọ pé òun dá, níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpàdé àwọn ẹlòmíràn ni kí ẹ máa lọ. Ìpàdé òbí àti olùkọ́, ìpàdé àwọn onílé, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ rò pé wọ́n fi ń ṣòfò, tí wọ́n fi ń kí ara wọn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò, ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ara ti yá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ tó máa di ìjà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ti pàdánù rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Àkókò wà níbẹ̀ o, kò kàn gbé aago lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ pe ìpàdé tiyín, ẹ lọ bá ìyálọ́jà, kí ẹ bi í ní ọjọ́ àti wákàtí tó bá àwọn obìnrin lára mu. Ọjọ́ kejì ọjà ni mo rò pé ó máa mú, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ẹ kan pákó dúdú mọ́ ògiri kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí ẹ sì kọ owó tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú yín sí i, bí ò tiẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tó wà lápò yín, ẹ gbé e fún ìyálọ́jà níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí òun máa ṣí i, kí òun náà máa tì í.